Olùkọ́ Òfin Láàrin Kíláàsì àti Kóòtù

Àwọn àgbà Yorùbá ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwọn kan náà ni wọ́n tún sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá gbé òwe méjèèjì yìí ka iwájú ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì, èyí tí ó bá gbè é nínú wọn ni yóò mú. Òwe nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí fún wa, a ní láti gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì.

Ẹjọ́ náà ni ti olùkọ́ òfin ní yunifásítì tí ó tún ń wọ aṣọ dúdú lọ sí kóòtù láti gba ẹjọ́ rò fún oníbàárà tí ó sanwó fún un. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá tọ́, ibo ni ó tọ́ mọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn amòfin nìkan. Ó ṣòro láti rí ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ yìí tí gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ń jẹun lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹlòmíràn ní oko, ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Ti olùkọ́ òfin ni ó kàn hàn gbangba jù, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì tí ó dì mú ni ó ní wákàtí tirẹ̀, wákàtí ọ̀hún kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní ayé àwọn baba wa, ìbéèrè yìí ìbá má tilẹ̀ yé ènìyàn. Babaláwo ni ó ń dífá fún ẹni tí ó wá ṣàyẹ̀wò, òun náà ni ó sì ń kọ́ ọmọ awo. Ọmọ awo a jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, a máa gbọ́ ẹsẹ̀ ifá bí ọ̀gá ti ń kì í, a máa wo bí odù ti ń yọ lórí ọpọ́n, a sì máa rí ojú ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í pa iṣẹ́ tì kí ó tó kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń fi ẹwìrì fẹ́ iná nígbà tí ọ̀gá ń rọ ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń dúró gbà. Bákan náà ni ti ahunṣọ àti ti agbẹ́gilére. Wákàtí tí oníbàárà gbà lọ́wọ́ ọ̀gá kì í ṣe wákàtí tí ó jí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Wákàtí náà gan-an ni ẹ̀kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò padà sí.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ amòfin gbà wọ ilẹ̀ wa ni ó ya kíkọ́ni àti ṣíṣe iṣẹ́ sọ́tọ̀. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró ní 1855, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1879 ni wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ amòfin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1888 ni a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó. Láti ìgbà náà títí di ìgbà òmìnira, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ṣe agbẹjọ́rò ni ó la òkun kọjá. Òfin tí ó kọ́ lọ́hùn-ún kò sọ ohun púpọ̀ fún un nípa ilẹ̀ ẹbí tàbí ogún bàbá olórogún. Nsukka ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka òfin ní 1961. Ifẹ̀ àti Èkó tẹ̀lé e ní 1962, ọdún yẹn kan náà sì ni òfin tí ó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà sílẹ̀ jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́: yunifásítì yóò kọ́ ọmọ ní ohun tí òfin jẹ́ àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin yóò sì kọ́ ọ ní bí a ti ń lò ó níwájú adájọ́.

Ìpín náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n níbo ni olùkọ́ tí ó jókòó sí yunifásítì yóò ti máa gbúròó kóòtù? Nínú ìwé ìdájọ́ ni, ìwé ìdájọ́ kì í sì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kì í sọ bí ẹlẹ́rìí tí ó mọ òtítọ́ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ojú yí sí i. Kì í sọ iye ìgbà tí opó kan wọ mọ́tò wá láti abúlé tí wọ́n sì ní kí ó padà nítorí pé a kò rí fáìlì. Ẹni tí ó ti dúró níbẹ̀ tí ó rí nǹkan wọ̀nyí yóò kọ́ òfin ẹ̀rí lọ́nà mìíràn sí ẹni tí ó kà á nìkan. Àwọn tí wọ́n ń gbèjà iṣẹ́ méjì kò parọ́ níhìn-ín. Wọ́n a máa tọ́ka sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn pé dókítà tí ó ń kọ́ni níbẹ̀ ni ó tún ń tọ́jú aláìsàn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè.

Wọ́n a sì tún máa tọ́ka sí Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó. Láti 1960 ni ó ti jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ọdún náà ni Yunifásítì Èkó fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka òfin, kí ọdún ọ̀hún sì tó parí, ìjọba tún dá a padà sí ipò rẹ̀. Ó di méjèèjì mú títí di 1972 tí ó fi di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí, ó dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, ó sì di ààrẹ ibẹ̀ ní 1982. Ta ni yóò sọ pé irú ènìyàn báyìí kò yẹ kí ó kọ́ni? Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi erin wọn ẹran ilé. Ìjọba ni oníbàárà Elias, ilé-iṣẹ́ kan odindi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń bá a tọ́jú ìwé. Ìwé rẹ̀ lórí òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà sì ti jáde láti 1956, kí ipò kankan tó kàn án. Olùkọ́ tí ó ní yàrá kan lókè ọjà, pẹ̀lú akọ̀wé kan ṣoṣo, kò lè pe Elias ní ẹlẹ́rìí.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn agbèjà iṣẹ́ méjì kì í fẹ́ sọ síta, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì fi owó oṣù wọn mọ́wọ́. Olùkọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn fi ojú rí nǹkan ní oṣù mẹ́jọ wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó bá ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ kan, ẹ̀kọ́ ìwà nìkan kò tó, kí ó mú oúnjẹ dání. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nítorí owó wí pé nítorí owó ni. Bí ó bá ní nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni òun ṣe ń lọ sí kóòtù, a ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé èwo nínú àwọn ẹjọ́ rẹ̀ ọdún yìí ni ó ti sọ nínú kíláàsì.

Kí ni òfin fúnra rẹ̀ wí? Àfikún Karùn-ún nínú òfin-ìpìlẹ̀ 1979, tí a tún gbé wọ inú ti 1999, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ ìjọba gba gbogbo àkókò rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú ṣíṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà nínú àwọn tí ó dárúkọ. Ní 1984 ìjọba ológun tún fi òfin mìíràn lé e fún àwọn amòfin àti àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ mìíràn. Ní 1992 ni àṣẹ kan wá yọ àwọn olùkọ́ òfin kúrò nínú òfin 1984 náà, láti ìgbà náà ni àwọn amòfin sì ti ń bá ara wọn jiyàn bóyá àṣẹ kékeré lè dá ohun tí òfin-ìpìlẹ̀ dè. Iyàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò kan ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí òfin gbà láàyè lè má tọ́, ohun tí ó sì tọ́ lè má bá òfin mu.

Ohun tí ó kan ìbéèrè wa nínú òfin-ìpìlẹ̀ náà ni gbólóhùn kúkúrú kan tí ó tẹ̀lé ìkìlọ̀ yẹn: kò sí ohun tí ó dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ láti dáko. Èé ṣe tí oko fi jẹ́ ẹ̀tọ́, tí kóòtù fi jẹ́ èèwọ̀? Ọ̀pọ̀ ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní àgbẹ̀ ni ó kọ òfin. Bóyá ìjọba ń wá oúnjẹ fún ìlú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ọgbọ́n mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í dá ọjọ́ fún ènìyàn. Bí olùkọ́ kò bá lọ sí oko ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gẹ́ yóò sì wà níbi tí ó wà. Oko a máa gba agbára, kì í gba ìlérí. Agbẹjọ́rò ti ṣe ìlérí fún ẹnì kan pé òun yóò wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ìlérí méjì ni ó ń forí gbárí, kì í ṣe iṣẹ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ kan tí ó ní kíláàsì ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Adájọ́ ní ìlú kejì dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an, agogo mẹ́sàn-án, fún ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ń bá ẹbí kan rò. Ó gbọ́dọ̀ já ẹnì kan kulẹ̀. Ta ni yóò já kulẹ̀? Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà kóòtù. Ọgọ́rùn-ún ọmọ méjì jókòó sínú gbọ̀ngàn títí agogo mẹ́wàá fi lù, wọ́n sì túká. Ní kóòtù, wọn kò tíì pe ẹjọ́ rẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n pè é, agbẹjọ́rò ìhà kejì ti kọ lẹ́tà pé ara òun kò yá, adájọ́ sì sún ẹjọ́ síwájú di oṣù tí ń bọ̀. Olùkọ́ wa kò kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò rojọ́. Kò sì ṣe ohun kan tí ènìyàn lè pè ní ìwà ibi. Gbogbo ohun tí ó ṣe ni pé ó lọ síbi tí àìlọ rẹ̀ yóò ti dùn ún jù.

Kókó ọ̀rọ̀ gbogbo ni èyí. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ méjì a máa ka wákàtí: wákàtí mélòó ni kíláàsì, mélòó ni kóòtù, mélòó ni oorun. Wákàtí kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Ohun tí ó yẹ kí a kà ni agbára tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí a já kulẹ̀. Bí agbẹjọ́rò kò bá yọjú, adájọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó lè ní kí ó san owó fún ìhà kejì. Oníbàárà lè gba fáìlì rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, ó tilẹ̀ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn amòfin wí. Akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Olùkọ́ tí kò wá yìí ni yóò yẹ ìwé ìdánwò rẹ̀ wò. Ẹnu kò gba á láti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé kò sí kíláàsì, kò sì mọ ohun tí ó sọnù, nítorí pé ohun tí a kò kọ́ ènìyàn kì í dun ènìyàn ní ọjọ́ tí a kò kọ́ ọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni yóò dun ẹlòmíràn: opó kan tí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò mọ ìwé tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú jáde, tí ilé ọkọ rẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Opó náà kò ní mọ ìlú tí kíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀hún wà láéláé.

Kì í ṣe pé oníbàárà náà kò lè jìyà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni òfin fún ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìpinnu Kóòtù Gíga tí kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá náà bá bọ́ sí àsìkò tí ìwé ìdánwò ga tó orúnkún nínú yàrá olùkọ́, ẹ̀tọ́ ẹni ẹlẹ́ni lè kú sáàrin wọn. Ṣùgbọ́n irú èyí a máa hàn, a sì máa dáríwo. Ti kíláàsì kì í pariwo.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn oríṣìíríṣìí iṣẹ́ òfin dípò kí a dè wọ́n pọ̀ bí igi ìdáná. Ẹjọ́ tuntun tí ẹlẹ́rìí pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó burú jù fún olùkọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò parí tàbí wákàtí tí wọn yóò pè é. Ti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yàtọ̀: ìwé ni a fi ń rò ó jù níbẹ̀, òru ni a sì lè kọ ìwé, bí ìtàn àti ìdí òfin bá ti yé ẹni. Kíkọ ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ kò sọ kíláàsì kankan dòfo. Àwọn tí ń fi oyè SAN dáni lọ́lá pàápàá a máa yan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí ìwé tí wọ́n kọ, tí kò sì jẹ́ nítorí iye ìgbà tí wọ́n dúró níwájú adájọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ pé olùkọ́ tí kì í lọ sí kóòtù kì í ṣe amòfin gidi, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó mú wa padà sí ilé àgbẹ̀dẹ. Àwọn yunifásítì kan ti ní ilé ìmọ̀ràn òfin, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tálákà lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n a máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ju ìdajì àwọn tí wọ́n wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ yìí ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Ìdúró de ẹjọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tí ó jókòó ti olùkọ́ rẹ̀, tí ó gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe wà níbẹ̀ nítorí pé fáìlì rẹ̀ sọnù, ti kọ́ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kò lè kọ́ ọ. Ẹjọ́ ni, ẹ̀kọ́ sì ni, ní wákàtí kan náà. Ṣùgbọ́n kí a má bù mọ́ ọn: ilé ìmọ̀ràn kì í san owó ilé, olùkọ́ tí oúnjẹ ń wù sì nílò owó. Oníbàárà tí ó san owó náà kì í sì í fẹ́ kí ogún akẹ́kọ̀ọ́ máa gbọ́ àṣírí rẹ̀, ó sì jàre. Ibi tí kíláàsì àti kóòtù ti lè di ọ̀kan kò tóbi púpọ̀.

Àwọn kan a sì máa sọ ibẹ̀ di nǹkan mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé àpò fáìlì tẹ̀lé olùkọ́ lọ sí kóòtù, a máa lọ bá a san owó ìforúkọsílẹ̀, a máa bá a ra omi tútù, wọ́n a ní iṣẹ́ ni ó ń kọ́. Bí ọ̀gá bá ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú adájọ́ fún un nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, iṣẹ́ ni ó ń kọ́ lóòótọ́. Bí ọ̀gá bá sùn nínú ọkọ̀, alábàárù ni.

Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ni ó ní ìwé tí a fi ń sàmì sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá sí kíláàsì, ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá sì pé iye tí a là sílẹ̀ kì í jókòó ṣe ìdánwò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé náà ní ìlà kan fún olùkọ́. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kejì òun tọ́ lè fa ìlà náà fúnra rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè ti àwọn ọmọ, kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní bírò.